Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí Àwọn Adúláwọ̀ Durham Ṣe Fọwọ́ Sowọ́ Pọ̀ Gbé Ara Wọn Ró

Àwọn ọmọ Yorùbá tó bá wá kí wa ní North Carolina kì í yé bi mí ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, àwọn tó wà nílé náà ń fi fóònù bi mí. Mo wá kó wọn jọ síbì kan. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó le wà nísàlẹ̀.

Níbo ni Durham wà?

Ìpínlẹ̀ North Carolina ló wà, ní gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Tábà ló sọ ọ́ di ìlú ńlá lẹ́yìn ogun abẹ́lé wọn tó parí ní 1865. Ìdílé Duke tó ń ṣe sìgá ló rọ́wọ́ mú jù níbẹ̀. Orúkọ wọn náà ni Duke University ń jẹ́ títí dòní.

Àwọn adúláwọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú wọ́ lọ síbẹ̀ nítorí iṣẹ́. Ọkùnrin ń ru tábà, obìnrin ń fa egungun àárín ewé tábà yọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, nínú ilé iṣẹ́ tí eruku rẹ̀ ń dí èèyàn lọ́fun.

Kí ni Hayti? Kí ni Parrish Street?

Hayti ni àdúgbò àwọn adúláwọ̀, ní apá gúúsù ojú irin. Orúkọ orílẹ̀-èdè Haiti ni wọ́n fi sọ ọ́, ilẹ̀ tí àwọn ẹrú ti jà títí wọ́n fi gba òmìnira ní 1804. Ẹ̀yin tó bá ń bọ̀, "Hé-táì" ni àwọn ará Durham ń pè é o. Fayetteville Street àti Pettigrew Street ni gbùngbùn rẹ̀: ilé oúnjẹ, ilé sinimá, òtẹ́ẹ̀lì, ṣọ́ọ̀bù olóògùn, aránṣọ, onígbàjámọ̀, àti ṣọ́ọ̀ṣì ní ìkángun òpópónà.

Parrish Street wà ní àárín ìlú gan-an, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń ṣòwò. Ibẹ̀ ni báǹkì àti iléeṣẹ́ adójútòfò àwọn adúláwọ̀ kọ́ ọ́fíìsì sí, òun ni wọ́n ṣe ń pè é ní Black Wall Street, ìyẹn Wall Street (òpópónà àwọn báǹkì ńlá ní New York) ti àwọn adúláwọ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní Parrish Street lọ́sàn-án, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Hayti ni yóò sùn lálẹ́.

Ṣé òun ni Black Wall Street tí wọ́n dáná sun?

Rárá. Greenwood, ní ìlú Tulsa, ìpínlẹ̀ Oklahoma, ni èyí tí wọ́n dáná sun láàárín ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, 1921. Àwọn jàǹdùkú òyìnbó jó odindi àdúgbò, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Ti Durham kò rí iná. Títì ló pa á, ẹ ó rí i nísàlẹ̀.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

John Merrick ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń dárúkọ. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní 1859. Ó ṣe bíríkìlà, ó dán bàtà fún èèyàn, ó wá kọ́ṣẹ́ gbàjámọ̀. Ó dé Durham ní 1880, nígbà tó sì yá, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pọ̀ tó 9, àwọn kan fún òyìnbó, àwọn kan fún adúláwọ̀. Ìdílé Duke wà lára àwọn tó ń bá gé irun. Ẹnì kejì ni Aaron McDuffie Moore, dókítà adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nílùú náà, tó dé ní 1888. Ẹnì kẹta ni Charles Clinton Spaulding, ọmọ arábìnrin Moore.

Ní oṣù Kẹwàá 1898, ọkùnrin 7 jókòó pọ̀, olúkúlùkù fi dọ́là 50 sílẹ̀, wọ́n sì dá iléeṣẹ́ adójútòfò tí a wá mọ̀ sí North Carolina Mutual sílẹ̀. Ẹ wo ìgbà tí wọ́n yàn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn gan-an, ní Wilmington, ní ìpínlẹ̀ kan náà, àwọn òyìnbó fi ìbọn lé ìjọba ìlú kúrò lórí oyè, wọ́n pa àwọn adúláwọ̀, wọ́n jó ilé ìwé ìròyìn wọn. Inú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí ti ń ṣe ìwé owó.

Kò pé ọdún méjì tí àwọn yòókù fi yẹra. Merrick àti Moore ló kù, wọ́n sì fi Spaulding ṣe alákòóso. Spaulding fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ́ pé láàárọ̀, òun á ká apá ẹ̀wù sókè, òun á gbálẹ̀ ọ́fíìsì. Lẹ́yìn náà òun á sọ apá ẹ̀wù kalẹ̀, òun á di agbowó. Tó bá yá, òun á wọ kóòtù, òun á di ọ̀gá.

Báwo ni iṣẹ́ adójútòfò yẹn ṣe rí? Ṣé kì í ṣe àjọ náà ni?

Ó jọ àjọ lójú. Agbowó á kan ilẹ̀kùn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, bí alájọ ṣe ń ṣe ní Dùgbẹ̀ tàbí Oyíngbo. Obìnrin tó ti ilé iṣẹ́ tábà dé á tú eti aṣọ rẹ̀, á mú sẹ́ǹtì 5 tàbí 10 jáde, agbowó á sàmì sínú ìwé, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ibi tó ti yàtọ̀ rèé: owó àjọ, ìwọ tó dá a lo máa kó o. Owó adójútòfò, ẹni tí àìsàn dá dúbúlẹ̀ tàbí tó kú ni wọ́n ń kó o fún. Ohun tó ń lé oorun lójú àwọn èèyàn náà nígbà yẹn ni kí wọ́n má kú kí ẹbí má rí owó pósí.

Àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó kì í fẹ́ gbà wọ́n, tàbí kí wọ́n gba owó kíkún lọ́wọ́ wọn kí wọ́n san àbọ̀ fún wọn. Ní 1896, oníṣirò kan tó ń jẹ́ Frederick Hoffman, tó ń ṣiṣẹ́ fún irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn adúláwọ̀ kò yẹ lẹ́ni tí èèyàn ń dójú tòfò fún torí pé ikú ń yá sí wọn. Kò ka ilé tó ń jò àti ilé ìwòsàn tí kò gbà wọ́n mọ́ ohun tó ń pa wọ́n.

Ìtàn tí gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mọ̀ ni ti òkú àkọ́kọ́. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn tí oníbàárà kan tó ti san sẹ́ǹtì 65 péré kú, ẹ̀tọ́ ẹbí rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 40. Kò sí 40 nínú àpótí. Àwọn olórí fi ọwọ́ bọ àpò ara wọn, wọ́n san án pé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń gbé rìsíìtì yẹn kiri láti fi han ará ìlú. Ní tèmi, ọjọ́ tí wọ́n san owó yẹn ni iléeṣẹ́ náà dá sílẹ̀ ní tòótọ́.

Kí ni ará ìlú rí gbà nínú owó yẹn yàtọ̀ sí owó ìsìnkú?

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, torí òun ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa kì í ṣe. Owó tó wọlé ní Durham kì í jókòó, ilé kan ló ń ti bọ́ sí ìkejì. Ní 1907 wọ́n dá Mechanics and Farmers Bank sílẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn ní 1908, inú ilé adójútòfò náà ló sì wà. Ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni Richard Fitzgerald, ẹni tó ń sun bíríkì tà. Báǹkì yìí ló ń yá àwọn adúláwọ̀ lówó kọ́lé nígbà tí báǹkì mìíràn kì í gbọ́ tiwọn. Nígbà tí Louis Austin fẹ́ ra ìwé ìròyìn Carolina Times ní 1927, ibẹ̀ ló ti yáwó. Ìwé ìròyìn yẹn ló wá ń pariwo ìwà ìrẹ́jẹ sí gbogbo ìlú létí fún ogójì ọdún lé. Owó onísẹ́ǹtì 10, tó ti ọwọ́ obìnrin inú tábà jáde, ló di ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Àwọn èèyàn kan náà ló wà nídìí àwọn yòókù. Moore ló ṣíwájú Lincoln Hospital tó ṣí ní 1901, wọ́n sì ń kọ́ obìnrin ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ní 1913 ó ṣe ilé ìkàwé kékeré sí abẹ́ ilé White Rock Baptist Church níbi tó ti ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ilé ìkàwé yẹn ní ilé tirẹ̀. James Shepard, ọ̀kan nínú àwọn 7 àkọ́kọ́, ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan ní 1910. Ìjọba ìpínlẹ̀ gbà á ní 1923, ní 1925 ó di kọ́lẹ́ẹ̀jì àkọ́kọ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ń náwó lé lórí fún àwọn adúláwọ̀ láti kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ gbogbogbòò. North Carolina Central University ló ń jẹ́ báyìí.

Àwọn aṣáájú adúláwọ̀ méjì tó lókìkí jù nígbà yẹn wá wò ó: Booker T. Washington wá ní 1910, W. E. B. Du Bois náà wá. Àwọn méjèèjì kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tó pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jọ yin Durham.

Ṣé kì í ṣe owó òyìnbó ló gbé wọn dìde?

Ó wà lára rẹ̀, ẹ má jẹ́ ká fi bò. Ìdílé Duke ló fún wọn lówó tí wọ́n fi kọ́ Lincoln Hospital. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé Duke fẹ́ gbé ère kalẹ̀ láti fi yẹ́ àwọn ẹrú sí, Merrick àti Moore ló ní kó fi owó ère náà kọ́ ilé ìwòsàn. Òkúta tí wọ́n fi sí ara ilé náà sọ pé ìrántí ni fún ìṣòótọ́ àwọn ẹrú sí ìyá àti ọmọbìnrin àwọn òyìnbó gúúsù nígbà ogun. Ogun tí òyìnbó gúúsù fi ń dáàbò bo oko ẹrú ni o! Ìyẹn ni alaboyún tó jẹ́ ọmọ ẹrú á kọjá lára rẹ̀ kó tó wọlé lọ bímọ.

Bí mo ṣe rí i ni pé wọ́n gba owó náà, wọ́n gbé òkúta rẹ̀ mì, wọ́n fi ilé náà gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n owó adójútòfò àti ti báǹkì, ara wọn ni wọ́n ti rí i. Ẹ tún rántí pé ojú rere òyìnbó ní iye. Lẹ́yìn ìjà Wilmington, Merrick sọ ní gbangba pé kí àwọn èèyàn òun fi òṣèlú sílẹ̀ kí wọ́n gbájú mọ́ iṣẹ́ òòjọ́. Mi ò lè bá a wí láti orí àga tí mo jókòó sí lónìí, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n san nìyẹn.

Kí ni ipa ṣọ́ọ̀ṣì?

Gbọ̀ngàn ìpàdé wọn ni. White Rock Baptist àti St. Joseph's AME ni méjì tó gbajúmọ̀ jù, àwọn olórí iléeṣẹ́ ló sì jókòó sí ìlà iwájú nínú méjèèjì. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní Parrish Street lọ́jọ́ Ẹtì, ará ìlú á ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Fọ́tò ọkùnrin nìkan là ń rí.

Òótọ́ ni, fọ́tò kò sọ gbogbo rẹ̀. Obìnrin tó ń já tábà ló ń san sẹ́ǹtì, obìnrin ló ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì, obìnrin ló ń tọ́jú aláìsàn ní Lincoln. Lyda Moore Merrick, ọmọ Dókítà Moore, tó tún fẹ́ ọmọ John Merrick, ló dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ ní 1952 fún àwọn afọ́jú adúláwọ̀, èyí tí wọ́n ń fi ìka kà.

Pauli Murray náà, Durham ló dàgbà sí, nílé àwọn òbí ìyá rẹ̀. Ọmọ ẹbí Fitzgerald tó ń sun bíríkì yẹn ni. Ó di agbẹjọ́rò tí èrò rẹ̀ lórí òfin ran ìjà àwọn adúláwọ̀ àti ti obìnrin lọ́wọ́. Ní 1977, wọ́n fi í joyè àlùfáà nínú ìjọ Episcopal, obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ilé tó gbé ní kékeré ṣì wà ní Durham, ẹ lè lọ wò ó.

Báwo ni wọ́n ṣe padà wọ òṣèlú?

Ní 1900 ni North Carolina fi òfin ìdánwò ìwé kíkà àti owó orí gba ìbò lọ́wọ́ wọn. Ọdún 35 lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹjọ 1935, wọ́n pàdé, wọ́n dá Durham Committee on Negro Affairs sílẹ̀, Spaulding sì ni alága. Wọ́n ń bá èèyàn lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ìbò bá ti sún mọ́lé, ìgbìmọ̀ á yan ẹni tí wọ́n fẹ́, ọ̀rọ̀ á sì tàn láti ẹnu dé ẹnu. Nítorí pé ìbò wọn kì í fọ́nká, òyìnbó tó ń wá ipò kò lè fojú fò wọ́n. Ní 1953 ni Rencher Harris di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìgbìmọ̀ ìlú.

Ṣé ohùn gbogbo wọn ṣọ̀kan ni?

Kò ṣọ̀kan rárá, ẹni tó bá sọ fún yín pé ó ṣọ̀kan kò mọ Durham. Ní 1933, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Thomas Hocutt, gbé Yunifásítì North Carolina lọ sílé ẹjọ́ torí pé wọn kò gbà á láti kọ́ nípa oògùn. Agbẹjọ́rò rẹ̀ jẹ́ ọmọ Durham. Shepard, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Hocutt ti jáde, kọ̀ láti fi ìwé èsì ìdánwò rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀rù owó ìjọba tó ń bọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ ló bà á. Hocutt pàdánù ẹjọ́ náà.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà 1957, Pásítọ̀ Douglas Moore kó àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn, gbogbo wọn jẹ́ 7, wọ́n jókòó sí apá òyìnbó ní ṣọ́ọ̀bù Royal Ice Cream. Ọlọ́pàá kó wọn, adájọ́ bu owó ìtanràn lé wọn. Àwọn àgbà ìlú kò bá wọn yọ̀. Wọ́n ní wọ́n kánjú. Ó ku ọdún méjì àtààbọ̀ kí ti Greensboro, ìlú mìíràn ní North Carolina tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti jókòó sí apá òyìnbó bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀, tó ṣẹlẹ̀ ní 1960. Nígbà náà ni Martin Luther King wá bá wọn sọ̀rọ̀ ní White Rock, àwọn àgbà sì ti wà níjokòó lọ́tẹ̀ yìí.

Ta ló wó Hayti?

Ìjọba ìlú ni, pẹ̀lú owó ìjọba àpapọ̀. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ àtúnṣe ìlú sílẹ̀ ní 1958. Ìlérí wọn dùn létí: àwọn ilé jákujàku á lọ, ilé tuntun àti ṣọ́ọ̀bù tuntun á dé, títì márosẹ̀ á gbé èèyàn lọ síbi iṣẹ́. Ní 1962, ìlú dìbò bóyá kí wọ́n yá owó tí wọn yóò fi kún un. Díẹ̀ ló fi wọlé, ìbò àwọn adúláwọ̀ sì wà lára ohun tó gbé e wọlé. Àwọn aṣáájú wọn ló ní kí wọ́n dì í.

Títì tí wọ́n ń pè ní Durham Freeway gba àárín Hayti kọjá. Ìdílé tó lé ní 4,000 àti ilé òwò tó tó 500 ló kó kúrò nínú iṣẹ́ àtúnṣe náà káàkiri ìlú. White Rock Baptist wó. Wọ́n ní kí àwọn oníṣòwò kan máa tajà nínú àwọn ilé onípáànù fún ìgbà díẹ̀, àwọn èèyàn sọ ibẹ̀ ní Tin City, ìgbà díẹ̀ yẹn sì di ọdún gbọọrọ. Wọ́n san owó ilé fún onílé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó san owó oníbàárà. Onígbàjámọ̀ tó ti fi ogún ọdún mọ orí gbogbo ọkùnrin àdúgbò, tí àdúgbò bá tú ká, orí ta ni yóò fá?

Kí ló dé tí àwọn aṣáájú fi gbà?

Wọ́n gbà gbọ́ pé ilé tó dára ń bọ̀, ọ̀pọ̀ ilé inú Hayti sì burú lóòótọ́: àyálégbé ń gbé inú ilé tí kò ní ẹ̀rọ omi. Ohun mìíràn tí mo ń sọ láìfi bò ni pé ẹni tó lọ jókòó pẹ̀lú ìjọba jẹ́ ẹni tó ní ilé lórí ara rẹ̀. Àyálégbé kò sí níbi àpérò yẹn. Ìgbìmọ̀ tó ti mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo ìlú láti 1935 ti gbàgbé láti padà lọ béèrè lọ́wọ́ gbogbo ìlú.

Ṣé òótọ́ ni ìtàn Ann Atwater àti ọ̀gá Ku Klux Klan?

Òótọ́ ni. Columbus County ni wọ́n bí Ann Atwater sí ní 1935, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà tí Moore àti Spaulding ti wá, àmọ́ nínú òṣì ló gbé ayé tirẹ̀. Ilé tó ń jò ló ń gbé ní Durham, ó jẹ owó ilé sílẹ̀, ó ń tọ́jú ọmọ méjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Howard Fuller ló kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó ní kó wá bá àwọn ayálégbé yòókù lọ gbọ́ bí a ṣe ń bá onílé sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́ mọ́.

C. P. Ellis ni olórí Klan ní Durham, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó tó kórìíra adúláwọ̀ tó sì ń dẹ́rù bà wọ́n; tálákà ni òun náà. Atwater sọ fúnra rẹ̀ pé lọ́jọ́ kan, níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú, òun ti fa ọ̀bẹ yọ nínú báàgì láti gún un, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ló dì òun mú. Nígbà tí ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí ọmọ dúdú àti funfun jọ máa kẹ́kọ̀ọ́, Bill Riddick, ẹni tí wọ́n mú wá láti darí àpérò, pe ìpàdé ọjọ́ 10 lórí rẹ̀ ní oṣù Keje 1971, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ R. N. Harris. Rencher Harris tí mo dárúkọ lókè yẹn ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ìwé náà. Riddick fi Atwater àti Ellis ṣe alága pọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn kì í jẹun pọ̀, wọn kì í wo ara wọn lójú. Ellis tẹ́ ẹrù Klan rẹ̀ sórí tábìlì kí èèyàn wò ó. Àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ fẹ́ wó o, Atwater ló dúró níwájú rẹ̀, ó ní ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n ń kọrin ìhìnrere, ó rí i tí ọkùnrin náà ń pàtẹ́wọ́ tí kò bá ìlù mu. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń fi ìgbà tó yẹ kó pàtẹ́ hàn án. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń sọ ti ọmọ wọn: àwọn ọmọ méjèèjì ń gba èébú nílé ìwé torí òbí wọn ń bá "ọ̀tá" jókòó. Wọ́n sunkún. Ní alẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, Ellis fa káàdì Klan rẹ̀ ya lójú gbogbo èèyàn.

Ṣé ìpàdé yẹn yanjú ọ̀rọ̀?

Ó yanjú díẹ̀. Wọ́n kó àbá jọ fún ìgbìmọ̀ ilé ìwé. Ellis di aṣojú àwọn òṣìṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀, òun àti Atwater sì ṣe ọ̀rẹ́ títí ó fi kú ní 2005. Atwater kú ní 2016. Àmọ́ ọ̀pọ̀ òyìnbó ń kó ọmọ wọn kúrò ní ilé ìwé ìlú, Hayti kò padà dìde. Ẹ má fi ọ̀rẹ́ àwọn méjì rọ́pò àdúgbò tí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ìdílé pàdánù.

Kí ló kù lónìí?

Mechanics and Farmers Bank ṣì ń ṣiṣẹ́. North Carolina Central ṣì ń gba ọmọ. Ilé ìkàwé tí wọ́n kọ́ ní 1940, tó wá láti inú ti Moore, Stanford L. Warren, ṣì ṣí sílẹ̀ ní Fayetteville Street. Ilé St. Joseph's AME tí wọ́n kọ́ ní 1891 ti di Hayti Heritage Center, ibẹ̀ ni ẹ ti lè wo ijó, kí ẹ gbọ́ orin, kí ẹ béèrè ìtàn lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Durham Committee ṣì ń yan ẹni tí wọ́n ń tì lẹ́yìn nínú ìbò. Black People ló wà ní ìparí orúkọ rẹ̀ báyìí.

North Carolina Mutual ló ń dunni. Ọ́fíìsì gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1966 ṣì dúró, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ náà bọ́ sábẹ́ àkóso ilé ẹjọ́ ní 2018, kò sì padà bọ̀ sípò.

Àwa tó wá láti Nàìjíríà, kí ló kàn wá níbẹ̀?

Mo máa ń gbọ́ ọ kí àwọn kan wa sọ pé "àwa kọ́ ni wọ́n kó lẹ́rú, tiwa yàtọ̀." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e yẹ̀ wò. Òfin tó jẹ́ kí a lè gbé àdúgbò tó wù wá, kí ọmọ wa wọ ilé ìwé tó wù ú, kí ilé ìwòsàn gbà wá, àwọn wọ̀nyí ló fi ara wọn jìn kí ó tó wà. Òfin ìwọlé ti 1965 tó ṣí ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà fún èèyàn láti Áfíríkà, àsìkò ìjà wọn ló jáde. Tí ẹgbẹ́ ìlú wa bá ń ṣe ìpàdé, kò ní burú kí a ránṣẹ́ sí wọn. Tí wọ́n bá pè wá, kí a lọ, kí a sì jókòó gbọ́ kí a tó sọ̀rọ̀. Kí a má lọ fi báàgì tí a rà ṣe fáàrí lójú wọn.

A fẹ́ ṣe irú rẹ̀ nílùú tiwa. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Láti ibi gbèsè kékeré tí ẹ lè san pé. Dọ́là 40 ni ti Durham. Lẹ́yìn náà, kí ẹ má dá owó kan jọ tí kò ní ibi tó ń lọ ju ìnáwó ọdún lọ; ẹ jẹ́ kó ti ọwọ́ ilé ìwé bọ́ sí ti ilé ìwòsàn, sí ti ẹni tó ń kọ ìròyìn. Kí ìwé ìṣirò wà níta kí gbogbo ẹni tó dáwó lè kà á.

Bí àwọn aṣáájú bá tún fẹ́ ṣe bíi ti 1962, ta ni yóò dá wọn dúró?

Ní Durham, àwọn ayálégbé ni. Àwọn obìnrin bíi Atwater ń kọ́ ara wọn ní òfin ilé gbígbé àti òfin owó ìrànwọ́ láti orí ìwé ìjọba fúnra rẹ̀, tí òṣìṣẹ́ bá ní "kò sí nínú òfin", wọ́n á ṣí ojú ewé náà hàn án. Ní oṣù Keje 1968, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún àwọn ṣọ́ọ̀bù òyìnbó láàárín ìlú, wọ́n ń béèrè ilé tó dára, iṣẹ́, àti ìjókòó nínú àwọn ìgbìmọ̀ ìlú. Ó wọ oṣù Kejì 1969 kí ó tó parí. Howard Clement, òṣìṣẹ́ North Carolina Mutual, ni alága ẹgbẹ́ tó darí rẹ̀. Ọmọ Parrish Street àti ìyá tó ń gbé ilé ìjọba jọ dúró sí ojú títì kan náà nígbà Kérésìmesì, wọ́n ń sọ fún oníbàárà pé kó padà sílé.